Kí hẹlikọ́pítà àlejò tó balẹ̀ sórí ọkọ̀ yín

Ọwọ́ ni mo fi ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni mo máa ń dúró níwájú hẹlikọ́pítà lórí dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ilẹ̀ òkè ọkọ̀ ogun ojú omi, tí mò ń juwọ́ sí awakọ̀ títí táyà á fi kan irin. Ti awakọ̀ ilé wa ò le. Àmọ́ nínú ìdánrawò bíi RIMPAC, tí ọmọ ogun ojú omi oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ń ṣe pọ̀, tó ti ń wáyé lágbègbè Hawaii láti 1971, ẹni tí ẹ ò jọ gbọ́ èdè kan náà lè fẹ́ bà lé yín.

Torí náà, ẹ jókòó ti àwọn àlejò náà ṣáájú. Ìwé HOSTAC ti NATO (àjọ ààbò àwọn orílẹ̀-èdè), tó sọ bí hẹlikọ́pítà ṣe ń bà sórí ọkọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn, wúlò, àmọ́ ẹ fẹnu bi wọ́n: ibo la ó ti fi ṣéènì dè é? Ṣé ẹnu ọ̀pá epo wa wọ tiwọn? Lẹ́yìn náà, ẹ dìde kí ẹ juwọ́ síra yín. Ká na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́: rọ̀ síbẹ̀. Ká pa apá pọ̀ sísàlẹ̀ níwájú ara: balẹ̀. Ìmọ̀ràn nìwọ̀nyẹn. Méjì péré ni àṣẹ: “má bà, padà sókè” àti “dúró”. Ẹ tún ìyẹn ṣe títí yóò fi sú yín.

Kó tó dé, ẹ tò lẹ́jìká-dé-ẹ̀jìká, ẹ fojú gbálẹ̀ dẹ́ẹ̀kì, kí ohun kékeré kankan má baà fò wọ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mo jẹ́ ẹni tuntun lẹ́nu iṣẹ́, mo ṣa ìdérí báírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ṣéènì, mo fẹ́ rọra tì í sápò. Ọ̀gá mi gbà á, ó gbé e sátẹ́lẹwọ́: “Ta ló ni èyí?” Kò sẹ́ni tó dáhùn. A tún gbogbo dẹ́ẹ̀kì rìn.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Bí ọkọ̀ bá ń sá nọ́ọ̀tì (òṣùwọ̀n eré ojú omi) 15 lọ pàdé afẹ́fẹ́ nọ́ọ̀tì 10, 25 ló ń fẹ́ lórí dẹ́ẹ̀kì. Ẹ béèrè iye tí àlejò lè gbà. Bí abẹ̀bẹ̀ orí hẹlikọ́pítà bá sì ti ń bẹ̀rẹ̀ tàbí tó ń dúró, kí ẹnikẹ́ni má ṣàdédé yí ọkọ̀. Ìgbà tí abẹ̀bẹ̀ ń rẹ̀ ló máa ń wálẹ̀ jù. Ẹ má sún mọ́ ọn àfi tí mo bá pè yín, ẹ má sì gba ọ̀nà ìrù láé.

Tó bá fẹ́ gbéra, ẹ tú ṣéènì, ẹ gbé e sókè kí awakọ̀ kà á. Bó bá jẹ́ mẹ́rin la fi dè é, mẹ́rin ni kó rí. Bó bá rí mẹ́ta, apá mi ò ní gbéra.