Bí A Ṣe Ń Nu Ère àti Àpótí Igi Àjogúnbá Filipínì Láì Bà Á Jẹ́

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ikán ló ń pa ohun àjogúnbá tí wọ́n fi igi líle gbẹ́ ní Filipínì. Ẹni tó fẹ́ tún un ṣe ló ń pa á. Mo ti rí àpótí ìyá àgbà tí wọ́n fi sáńpépà họ títí tó fi funfun bíi pákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsọ̀ onígi dé. Ojú tó ti dán láti ìran dé ìran, ẹnikẹ́ni kò lè dá a padà mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ igi tó jẹ́. Kamagong dúdú, ó sì wúwo. Molave pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Narra, igi orílẹ̀-èdè wọn láti 1934, pupa tàbí kó pọ́n bí oyin, ìbátan igi osùn tiwa sì ni. Ẹ rẹ eérún rẹ̀ díẹ̀ sínú ife omi, kí ẹ gbé e sí oòrùn níwájú aṣọ dúdú: narra sábà máa ń mú kí omi náà tàn bíi búlúù. Abẹ́ àpótí ni kí ẹ ti mú eérún yẹn, kì í ṣe ojú rẹ̀.

Ẹ gbọn eruku kúrò. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí àwọn obìnrin fi ń pa páúdà tó, kò wọ́n, ó sì ń wọ inú ihò ọnà dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ bébà dúdú sábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìyẹ̀ igi tuntun bá dà sí i, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní bukbok ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má da kẹrosínnì sí i: á sọ igi di dúdú, iná sì lè mú un. Ohun kékeré tí kò ní ọ̀dà lára ni mo máa ń fi ọ̀rá wé dáadáa, tí mo sì ń gbé sí firísà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà títí di ọjọ́ kejì, kí omi má baà gbá a lára.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ gan-an ni nínù. Ẹ má fi ọṣẹ, ẹ má da omi sí i, ẹ má gbé sáńpépà rárá. Ẹ fi sípíríìtì kán ibi tó fara pamọ́; bí ibẹ̀ bá rọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, shellac, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń mú igi dán, ni wọ́n fi kùn ún, sípíríìtì kò sì gbọdọ̀ kan ìyókù. Bí egungun ẹfọ̀n bá wà lára rẹ̀, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ ìlú Baliuag ní Filipínì ń tò sínú igi, omi á tú gulu ìdí rẹ̀, egungun á sì yọ.

Ère santo, ìyẹn ère àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì, ló le jù. Lábẹ́ ọ̀dà rẹ̀, ẹfun tí wọ́n fi gulu pò ni wọ́n rẹ́ mọ́ igi, omi díẹ̀ péré á sì mú kó bó. Itọ́ ẹnu ni mo ń lò. Ẹ yí òwú mọ́ orí igi ìtayín, ẹ fi itọ́ rẹ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ máa yí i lọ lórí ère. Ẹ má fi ra á. Òwú á di bíráùn. Ìgbà tí ẹ bá rí pupa tàbí búlúù lára rẹ̀, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ọ̀dà ló ń jáde yẹn. Ibi tó jẹ́ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ tó fún ọjọ́ kan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ọ̀dà náà bá ti ń bó tẹ́lẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ gbé e fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀.

Igi tí kò ní ọ̀dà ni kí ẹ fi ìda kùn. Ìda oyin ìwọ̀n kan, tapẹ́ńtáìnì mẹ́ta. Ẹ yọ́ ìda nínú abọ́ tí ẹ gbé sínú omi gbígbóná, ẹ gbé e kúrò nídìí iná kí ẹ tó da tapẹ́ńtáìnì sí i. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ kùn ún, lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ fi àkísà ṣẹ́ẹ̀tì dán an. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó. Òróró àgbọn tí ọ̀pọ̀ ń pa ń kan, á sì máa fa eruku.

Bí ẹ bá fẹ́ kó o kúrò ní Filipínì, òfin RA 10066 ti 2009 dáàbò bo ohun àtijọ́ báyìí, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé àṣẹ ní National Museum kí ẹ tó di ẹrù.