Bí A Ṣe Lè Wá Àwọn Tẹ́ṣàn Rélùwéè Àtijọ́ Rí, Láti Ìdó Títí Dé Jẹ́bà

Ìlà rélùwéè tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni èyí tó gbéra láti Ìdó ní Èkó, tó gba Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá, tó sì kan odò Ọya ní Jẹ́bà. Àwọn tẹ́ṣàn kan ṣì dúró lórí ìlà yìí, òmíràn ti di àwókù, òmíràn kò sì ní ju orúkọ lọ mọ́. Mo kọ ìlànà yìí fún ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá wọn kiri, kí ó sì kọ ohun tó bá rí sílẹ̀ lọ́nà tí ẹlòmíràn yóò fi lè gbára lé e.

Ẹ kọ́kọ́ to ìlà náà sórí ìwé kí ẹ tó jáde nílé. Ìparí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni wọ́n ń tẹ́ ojú irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i fún èrò ní oṣù Kẹta ọdún 1901, nígbà tí William MacGregor jẹ́ gómìnà Èkó. Nígbà tí yóò fi di 1907, ojú irin ti dé Òṣogbo; ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Afárá orí odò Ọya kò parí títí di 1916, nítorí náà ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ojú irin kọjá odò ṣáájú ìgbà náà. Àwọn ọdún wọ̀nyí wúlò gidigidi. Bí ẹ bá rí àwòrán tí ẹnìkan kọ tẹ́ṣàn Ìlọrin àti 1904 sí lábẹ́, ẹ ti mọ̀ pé yálà ìlú ni ó ṣì pè tàbí ọdún, nítorí ojú irin kò tíì débẹ̀ nígbà náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ orúkọ àwọn ibùdó náà tẹ̀lé ara wọn: Ìdó, Èbúté Mẹ́ta, Yábàá, Muṣin, Òṣòdì, Ìkẹjà, Agége, Ìjù, Agbádó, Ìjòkó, Ifọ̀, Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta, Omi-Àdìó, Ìbàdàn, Lálúpọn, Ìwó, Ẹdẹ, Òṣogbo, Ìkìrun, Òkukù, Ọ̀fà, Ìlọrin, Bódè Sáàdú, Jẹ́bà. Àwọn kéékèèké mìíràn wà láàárín wọn, ẹ ó sì máa fi kún un bí ẹ ṣe ń lọ. Ẹ má gbàgbé ẹ̀ka tó yà ní Ifọ̀ lọ sí Ìlaròó àti Ìdògò, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí pé ó wà rí. Ní tèmi, ẹ̀ka yẹn gan-an ló yẹ kí ẹni tó ní àkókò díẹ̀ lọ́wọ́ kọ́kọ́ lọ wò.

Ohun kan wà tó máa ń ṣi àwọn olùwádìí tuntun lọ́nà. Ìlà titun tí wọ́n ṣí láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní oṣù Kẹfà 2021 ní àwọn tẹ́ṣàn tirẹ̀, orúkọ àwọn ènìyàn ńlá ni wọ́n sì fi pè wọ́n: ti Èbúté Mẹ́ta ń jẹ́ Mobolaji Johnson, ti Abẹ́òkúta ń jẹ́ Wole Soyinka, ti Ìbàdàn sì ń jẹ́ Obafemi Awolowo. Ẹni tó bá béèrè tẹ́ṣàn Ìbàdàn lónìí lè bá ara rẹ̀ ní Mọ́níyà, bẹ́ẹ̀ Dùgbẹ̀ ni tẹ́ṣàn 1901 wà. Ẹni tó bá béèrè ti Abẹ́òkúta lè bá ara rẹ̀ ní Ládẹ̀rìn, bẹ́ẹ̀ Láfẹ́nwá ni ti àtijọ́. Ẹ máa fi kún ìbéèrè yín pé tẹ́ṣàn àwọn òyìnbó amúnisìn ni ẹ ń wá. Ojú pàápàá lè fi ìyàtọ̀ hàn: àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì lórí ìlà àtijọ́ jẹ́ mílímítà 1,067, èyí tó fi díẹ̀ ju mítà kan lọ, nígbà tí ti ìlà titun jẹ́ mílímítà 1,435.

Ilé ìkówèésí ni ìrìn àkọ́kọ́. Ilé Àkójọ Ìwé Àtijọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, fáìlì ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìjọba amúnisìn tí wọ́n ń fi lẹ́tà CSO pè sì wà níbẹ̀. Ẹ mọ orúkọ tí ẹ ó fi wá nǹkan: ṣáájú 1912, abẹ́ ìjọba Èkó àti Gúúsù ni rélùwéè yìí wà; ní 1912 ni wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ti Àríwá tó di rélùwéè Nàìjíríà; láti 1955 ló sì ti di àjọ tí a mọ̀ lónìí sí Nigerian Railway Corporation. Ìwé tó bá dàgbà ju 1912 lọ kò ní jáde bí ẹ bá fi orúkọ 1955 wá a. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú orúkọ ìlú, nítorí Oshogbo ni wọ́n sábà kọ fún Òṣogbo nínú àwọn ìwé wọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ lè bá Adio lásán níbi tí a ń pè ní Omi-Àdìó. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní ìlú Lọ́ńdọ́nù lè ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí àwọn lẹ́tà tó lọ láti Èkó sí Ìlú Ọba kí 1906 tó parí wà ní ilé àkójọ ìwé wọn ní Kew, nínú àkójọ tí wọ́n pè ní CO 147, àwọn àwòrán sì wà nínú CO 1069.

Kí ẹ tó lọ sí ìgbèríko, ẹ ya Jaekel House wò nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta. Wọ́n kọ́ ilé alájà pákó yìí ní 1898, Legacy 1995, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́, tún un ṣe ní 2010, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ Francis Jaekel, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó kọ ìtàn iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn àwòrán àti ohun èlò iṣẹ́ àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń rán yín lọ síbẹ̀ ni pé ojú yín yóò ti mọ ohun tí ẹ ń wá kí ẹ tó bá a nínú igbó.

Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ jáde, láàárín oṣù Kejìlá àti oṣù Kejì, nígbà tí koríko bá ti gbẹ tí ilẹ̀ sì hàn. Ilẹ̀ rélùwéè jẹ́ ti ìjọba, nítorí náà ẹ gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá tẹ́ṣàn tó bá sún mọ́ ibẹ̀ kí ẹ tó yọ kámẹ́rà. Ẹ má sì ṣe rìn lórí ojú irin tó ṣì ń ṣiṣẹ́, pàápàá láàárín Èkó àti Ìbàdàn, nítorí ọkọ̀ titun kì í pariwo bíi ti àtijọ́, eré tó ń sá sì pọ̀.

Bí ilé kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ẹ ó kà. Lẹ́yìn ìlú Èkó, ojú irin kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ́ láti tẹ́ṣàn kan dé èkejì, ibùdó nìkan ni ọkọ̀ méjì ti lè yàgò fún ara wọn. Nítorí náà, níbi tí ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ojú irin lé tí ó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bá ti fẹ̀ lójijì, tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìwọ̀n igba mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì tún padà di tẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣeé ṣe kí tẹ́ṣàn ti wà níbẹ̀. Ẹ wá ẹsẹ̀ táǹkì omi, nítorí ẹ̀ńjìnnì tó ń fi èédú ṣiṣẹ́ kò lè rìn jìnnà láì bu omi. Ẹ wo igi máńgòrò tí wọ́n gbìn ní ìlà tààrà, nítorí igi tó hù fúnra rẹ̀ kì í tò báyìí.

Èmi fúnra mi ti ṣàṣìṣe rí. Ní ìlú kan, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé tẹ́ṣàn ti pòórá pátápátá, pé ọjà nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ló bi mí ohun tí mo ń wá, ló bá sún apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ògiri kúkúrú kan wà níbẹ̀, kò ga kọjá orúnkún, òkúta gbígbẹ́ ni wọ́n fi tò ó, sìmẹ́ǹtì etí rẹ̀ sì ti dán nítorí ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tó ti tẹ̀ ẹ́. Ẹnu pèpéle tí èrò ti ń wọkọ̀ ni. Orí tẹ́ṣàn gan-an ni mo dúró sí tí mo ń kọ ọ́ pé kò sí mọ́.

Bí ẹ bá rí irin àtijọ́ níbi tí ọkọ̀ kò rìn mọ́, ẹ wo ara rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, láàárín orí àti ìdí rẹ̀. Àwọn tó rọ irin sábà máa ń tẹ orúkọ iléeṣẹ́ wọn àti ọdún sí i lára. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá ìpẹtà kúrò jẹ́jẹ́, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ra á lójú kí lẹ́tà tó yọ sókè lè funfun, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn ń tàn láti ẹ̀gbẹ́. Àmọ́ ẹ má sọ pé ọdún tó wà lára irin ni ọdún tí wọ́n kọ́ tẹ́ṣàn. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè máa ń yọ irin tó ti gbó kúrò lójú ọ̀nà ńlá lọ sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù, ìdí nìyí tí irin tó dàgbà jù fi lè jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ́ sí ibi tí kò ṣe pàtàkì. Ẹ má sì mú ohunkóhun lọ sílé, títí kan ìdè irin kan ṣoṣo, nítorí olè ni, ó sì ń pa ẹ̀rí run.

Apá tó dùn jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ni ìjókòó pẹ̀lú àwọn àgbà. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí Bàbá tàbí Màmá béèrè ilé yín kí ẹ tó béèrè tẹ́ṣàn. Ẹ má béèrè ọdún lọ́wọ́ wọn ní tààrà, nítorí ọdún ṣòro rántí. Ẹ béèrè bóyá ṣáájú òmìnira ni, tàbí ìgbà ogun abẹ́lé. Ẹ béèrè bóyá ṣílè ni wọ́n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì tàbí náírà: bó bá jẹ́ ṣílè, ẹ mọ̀ pé ó ti ṣáájú 1973. Àwọn tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ rélùwéè yóò sọ orúkọ gbogbo yàrá inú tẹ́ṣàn fún yín, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó ti ń gbé ẹ̀kọ àti dùndú lọ sójú fèrèsé ọkọ̀ ni mo gbẹ́kẹ̀lé jù nípa ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró gan-an, nítorí ọjà wọn wà lórí mímọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ibùdó kan wà tí ilẹ̀ kò lè sọ ohunkóhun nípa wọn mọ́. Ní 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Ìdó gba orí afárá Carter wọ Erékùṣù Èkó. Ní 1933 ó dẹ́kun pátápátá. Wọ́n ti tún afárá náà kọ́, títì ti bo ojú irin rẹ̀ mọ́lẹ̀. Fún irú èyí, inú máàpù àti ìwé ìròyìn ìgbà náà nìkan ni ẹ ó ti rí i, kí ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé ìwé ni ẹ̀rí yín, kì í ṣe ojú yín.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ àbájáde, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ débẹ̀, ibi tó wà gẹ́gẹ́ bí fóònù ṣe fi hàn, ohun tí ẹ fojú rí, àti ohun tí wọ́n sọ fún yín, kí ẹ má sì pa méjèèjì pọ̀. Ẹ ya àwòrán láti orí pèpéle sí apá Èkó, kí ẹ yí padà ya òmíràn sí apá Jẹ́bà, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí ẹ dúró, kí ẹni tó bá wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lè dúró síbẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ fi í sórí OpenStreetMap, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè fi nǹkan kún, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ẹ ó yàn nínú wọn: disused bí irin bá ṣì wà nílẹ̀ tí ọkọ̀ kò rìn mọ́, abandoned bí wọ́n bá ti kó irin lọ tí ipa rẹ̀ ṣì hàn, razed bí ohunkóhun kò bá ṣẹ́kù. Kí ẹ tó yan ọ̀rọ̀ kẹta yìí, ẹ tún padà lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn àwọn ìsọ̀.