Bí A Ṣe Ń Ya Máàpù Onígun Mẹ́fà fún Eré Ìrìn-àjò Inú Igbó

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni atọ́kùn eré orí tábìlì, irú èyí tí àwọn eléré ti ń fẹnu ṣe arìnrìn-àjò, tí àwọn eléré yín sì fẹ́ wọ igbó, ẹ fi máàpù onígun mẹ́rin sílẹ̀. Lórí ìyẹn, ẹni tó gba ìkọ̀rọ̀ rìn ń jìnnà ju ẹni tó lọ tààrà, ariwo á sì sọ. Ilé (ìyẹn àpótí kọ̀ọ̀kan lórí máàpù) onígun mẹ́fà ní aládùúgbò mẹ́fà, ọ̀nà àárín rẹ̀ sí àárín ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì dọ́gba.

Ẹ má wulẹ̀ ra bébà olówó ńlá. Ẹ tọrọ nọ́ọ̀tì bóòtù ńlá onígun mẹ́fà kan lọ́wọ́ mẹkáníìkì àdúgbò, ẹ fọ gíríìsì ara rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù tó mú yí i po. Ẹ̀gbẹ́ ilé kejì gbọ́dọ̀ lé ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́ pátápátá. Ojú ewé kan tó. Ṣómólú ni mo ti máa ń ṣe fọ́tòkọ́pì ìyókù, sórí bébà tó nípọn, torí èyí tó fẹ́lẹ́ kì í gba ìrésà.

Kí ilé kan jẹ́ máìlì 6. Ẹlẹ́sẹ̀ á rin ilé 4 lójúmọ́ lọ́nà tó dán, 2 péré nínú ẹrọ̀fọ̀.

Òkè ló kọ́kọ́ ń wọ máàpù, lẹ́yìn náà odò. Odò yìí gan-an ni wọ́n ti ń ba nǹkan jẹ́. Mo ti rí odò tó ti etíkun gun orí òkè lọ, mo ti rí èyí tó so òkun méjì pọ̀, mo ti rí èyí tó ya sí mẹ́ta láàárín igbó láìnídìí. Ẹ jọ̀ọ́, orí òkè ni kẹ́ ẹ ti gbé pẹ́ńsù, kẹ́ ẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Odò kì í yà, ṣe ló ń pàdé: Ọyán dà sínú odò Ògùn, Ògùn sì kó gbogbo rẹ̀ wá sínú ọ̀sà Èkó. Ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú létí omi ńlá nìkan ni kẹ́ ẹ ti pín in.

Ẹ má sì fà á gba àárín ilé. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni kó máa tọ̀. Bó bá gba àárín, àwọn eléré á ní àwọn ti wà lódìkejì tipẹ́, ẹ ò sì ní rí ẹ̀rí tako wọn. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ sọdá: afárá ni, ọkọ̀ ni, àbí wọ́n á lúwẹ̀ẹ́ tẹrù-tẹrù? Àwọn kan ṣì ń gba àárín o. Ọwọ́ wọn ló wà.

Igbó àti ìlú ò le. Nínú ilé mẹ́rin, ẹ fi ohun àrà sínú ẹyọ kan, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ nọ́ńbà gbogbo ilé láti 0101: méjì àkọ́kọ́ fún ìlà òòró, méjì tó kẹ́yìn fún ti ìbú.

Ẹ̀dà tó ṣófo ni kẹ́ ẹ fún àwọn eléré, ìlú tí wọ́n ti gbéra nìkan ni kó wà níbẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí wọ́n fi kún un. Ẹ gba bírò lọ́wọ́ wọn.