Bí Mo Ṣe Dá Ìbunijẹ Láti Ẹ̀yìn Dúró Nínú Project Zomboid

Nínú Project Zomboid, eré kọ̀ǹpútà tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1993, ohun kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń pa ẹni tí mo ń darí: òkú tí ń rìn a yọ sí i láti ẹ̀yìn, a sì bù ú jẹ kí ó tó yíjú padà. Bí a kò bá yí ètò eré náà padà, ìbunijẹ kan ti tó láti pani.

Àbùdá tí ó yanjú rẹ̀, lára àwọn tí a ń yàn fún ẹni náà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ni Keen Hearing (etí tí ó mú), tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn tètè mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Máàkì ni a fi ń ra àbùdá rere, àbùdá burúkú ni ó sì ń fúnni ní máàkì. Máàkì 6 ni iye Keen Hearing ní Build 41, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀dà eré náà, nítorí náà mo gba Smoker (amusìgá), tí ó mú máàkì 4 wá, àti Slow Reader (ẹni tí kì í tètè kàwé), tí ó mú 2 wá. Ìwé kíkà a máa pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni ó ń kánjú nínú ilé tí a ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa? Ní ti sìgá, àpò àwọn òkú náà gan-an ni mo ti ń kó o. Nísinsìnyí, mo máa ń rí òkú tí ó wà lẹ́yìn mi kí ó tó nawọ́. Thin-skinned (awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́) ni n kò fọwọ́ kàn, bí ó tilẹ̀ ń fúnni ní 8, nítorí pé ó ń mú kí awọ ara tètè ya.