Lemon drizzle tí ò ní gluten: owó bọ́tà yín ń dun èmi

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ kínú mi lè rọ̀. Látìgbà tí mo ti ń ta kéèkì ní London níbí, ọ̀sẹ̀ kan ò lè kọjá kẹ́nìkan má fi fọ́tò kéèkì tó rì láàárín ránṣẹ́ sí mi, "Àǹtí, kí ló ṣe é?" Lemon drizzle, kéèkì tí wọ́n ń da omi lẹ́mọ́nù àti ṣúgà lé lórí, ni wọ́n sì ń bà jẹ́ jù, torí ó jọ nǹkan ìrọ̀rùn: bọ́tà 225g, ṣúgà 225g, fùláwà 225g, ẹyin mẹ́rin, ó parí. Ó parí lóòótọ́, tó bá jẹ́ fùláwà àlìkámà ni, torí gluten, èròjà tó ń fà bíi góòmù, wà nínú ẹ̀.

1. Fùláwà. Ibí gan-an ni wọ́n ti ń bí mi nínú. Ẹnìkan gbọ́ pé fùláwà àgbọn ò ní gluten, ó bá da 225g ẹ̀ sí i. Fùláwà àgbọn tó ń mu omi bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀! Ohun tó yọ nínú ófùn, èèyàn lè fi dènà mọ́tò. Òmíì ní láfún lòun lò, ṣebí pákí ni, pákí ò sì ní gluten. Òótọ́ ni, àmọ́ lẹ́mọ́nù wo ló fẹ́ bo òórùn láfún mọ́lẹ̀?

Ẹ má rò pé mo gbọ́n jù yín lọ o. Tèmi àkọ́kọ́, ahun ló mú mi, mo ní kí n wá ra fùláwà olówó gọbọi ṣe kí ni, mo da ìrẹsì sí bùlẹ́ńdà mo lọ̀ ọ́ títí bùlẹ́ńdà fi ń rùn bíi wáyà tó ń jó. Kéèkì yẹn wú, àwọ̀ ẹ̀ dáa. Ọkọ mi bù ú jẹ, mo ń gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ bí ẹni ń jẹ gàrí gbígbẹ. Ó ní "ó dùn o", ó wá mu omi ife méjì.

Gluten ló ń di kéèkì mú kó má túká, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ gbọ́dọ̀ fi nǹkan dípò ẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti pò pọ̀, ìrẹsì, pòtétò àti pákí, 175g ẹ̀, kẹ́ ẹ fi álímọ́ńdì lílọ̀ 50g kún un kó má gbẹ. Xanthan gum, páúdà tó ń di kéèkì mú dípò gluten, ìdajì ṣíbí tíì ti tó. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí kó tó di pé ẹ fi sí i, torí àwọn kan ti fi sí i tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá tún fi kún un kéèkì yín á máa yọ̀ bí ilá.

2. Béékìn páúdà míì ní àlìkámà nínú. Ẹ kà á lára agolo.

3. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó wọ ófùn, kí ìrẹsì ráyè mu omi.

Malt loaf, búrẹ́dì dídùn tí wọ́n fi malt ṣe, ńkọ́? Ọkà bálì ni wọ́n fi ń ṣe malt, gluten sì wà nínú òun náà, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ asẹ́ àti orógùn nìyí, mi ò mọ nọ́ńbà tó yẹ kí n fún un. Ẹni tó ní coeliac, àìsàn tí gluten fi ń pa ìfun èèyàn lára, ò ṣe àṣejù o. Ní Britain, oúnjẹ tí wọ́n bá kọ "gluten free" sí lára, gluten inú ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú mílíọ̀nù kan. Èmi wá fi asẹ́ tí mo fi jọ fùláwà púfúpúfù láàárọ̀ jọ ti oníbàárà coeliac lọ́sàn-án. Kéèkì ti wà nínú páálí kí n tó rántí. Mo pè é, mo jẹ́wọ́, mo dá owó ẹ̀ padà, àwa tá a wà nílé la jẹ ẹ́. Asẹ́ tuntun kan ò wọ́n tó yẹn.

Ófùn 180°C, bó bá jẹ́ oníféènì 160°C, nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú, ẹ má sì máa ṣílẹ̀kùn wò ó bíi pé ẹ ń ṣọ́ ìyàwó. Tó bá jáde, ẹ fi igi sùyà gún un káàkiri, kẹ́ ẹ da omi lẹ́mọ́nù àti ṣúgà lé e lórí nígbà tó ṣì gbóná. Lẹ́yìn náà ẹ gbọ́wọ́ kúrò lára ẹ̀! Ẹ fi sínú páànù ẹ̀ títí á fi tutù pátápátá, torí bó ṣe gbóná yẹn, tẹ́ ẹ bá gbé e jáde, á já sí méjì ni.

Ìwọ tó fi fọ́tò ránṣẹ́ lánàá, tìẹ ti já. Fọ́ ọ sínú kọ́sítáàdì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.