Bí a ṣe ń kọ ìtọ́ni irinṣẹ́ tí ẹ̀jẹ́ǹtì AI fi ń wá iye lọ́jà àsọtẹ́lẹ̀

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Ẹ̀jẹ́ǹtì AI, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń fúnra rẹ̀ lo irinṣẹ́ láti ṣe iṣẹ́ tí a rán an, kò sí nínú àwọn tí òwe yìí ń bá wí. Àbọ̀ tí ẹ bá sọ fún un, irọ́ ni yóò fi dí ìyókù. Irinṣẹ́ ni kóòdù tí ẹ kọ kó lè pè láti mú ìsọfúnni wá, ṣùgbọ́n kò rí inú kóòdù náà: orúkọ irinṣẹ́, àlàyé rẹ̀ àti ohun tí ẹ ní kí ó fi pè é nìkan ló ń rí.

Ká ní ẹnì kan ní Iléṣà fẹ́ kí ẹ̀jẹ́ǹtì máa ṣọ́ ìbéèrè yìí fún àwọn tó ń ra kòkó: “Ṣé iye tọ́ọ̀nù kòkó kan yóò kọjá $6,000 kí December tó parí?” “Bẹ́ẹ̀ ni” àti “bẹ́ẹ̀ kọ́” ni ọjà àsọtẹ́lẹ̀ ń tà. Èyí tó bá ṣẹ di $1, ìkejì di òfo. Bí “bẹ́ẹ̀ ni” bá wà ní $0.62, ojú ìgbà 62 nínú 100 ni ọjà fi ń wò ó pé yóò ṣẹ.

Ẹ kọ́kọ́ pín iṣẹ́ náà. Irinṣẹ́ mẹ́ta tó: wa_oja láti wá ìbéèrè, gba_iye láti mú iye rẹ̀ wá, ka_ofin láti ka òfin ìdájọ́, ìyẹn òfin tí ọjà fi ń pinnu bóyá ó ṣẹ. Ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ wọn, torí ọ̀pọ̀ ètò kì í gbà á. Inú àlàyé ni kí ẹ ti fi àmì sí i dáadáa.

Lẹ́yìn náà, àlàyé. Gbólóhùn mẹ́ta sí márùn-ún: ohun tó ń ṣe, ìgbà tó yẹ kó pè é, ìgbà tí kò yẹ. Ìkẹta yìí ni wọ́n sábà máa ń fò, òun gan-an ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ti gba_iye lè lọ báyìí:

“Ó ń mú iye ‘bẹ́ẹ̀ ni’ ti ìbéèrè kan wá, láti 0 sí 1, ní dọ́là. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wa_oja fún ọ ni kí o lò. Má hùmọ̀ ọ̀kan. Má pè é láti mọ iye tí wọ́n ń ta kòkó lónìí: ohun tí àwọn èèyàn rò pé yóò ṣẹlẹ̀ ló ń sọ.”

Òṣùwọ̀n ló gba sùúrù jù. Náírà lórí kílò ni wọ́n ń pe kòkó ní Iléṣà. Ní New York, dọ́là lórí tọ́ọ̀nù. Ní London, pọ́n-ùn lórí tọ́ọ̀nù. Bí ẹ bá kọ “iye kòkó” lásán, ẹ̀jẹ́ǹtì lè fi ti London dáhùn ti New York, ẹnu rẹ̀ kò sì ní gbọ̀n. Ẹ sọ bóyá 62 ni iye ń wá tàbí 0.62. Gamma API, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń gba ìsọfúnni lọ́dọ̀ ọjà àsọtẹ́lẹ̀ Polymarket, tilẹ̀ ń fi iye ránṣẹ́ bí ọ̀rọ̀ tó wà nínú àmì àyọlò, kì í ṣe bí nọ́ńbà. Ẹ yí i padà kó tó dé ọwọ́ ẹ̀jẹ́ǹtì.

Iye wo sì ni? Èyí tí wọ́n tà kẹ́yìn, èyí tí olùrà ná, èyí tí olùtà pè, àbí àárín méjèèjì? Bí olùrà bá ná an ní 0.40, tí olùtà pè é ní 0.70, kò sẹ́ni tó gbà á ní 0.55. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí irinṣẹ́ dá iye olùrà àti ti olùtà padà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ kọ ọ́ pé UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni gbogbo aago, torí aago ìlú kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. 11:59 alẹ́ ọjọ́ 31 December ní New York, 5:59 àárọ̀ ọjọ́ 1 January ni ní Iléṣà. Ní ti ka_ofin, ẹ pàṣẹ kó máa pè é kó tó túmọ̀ iye kankan: àkọlé lè sọ pé “kọjá $6,000”, kí òfin ní iye ìparí ọjọ́ nìkan là ń kà.

Àṣìṣe ńkọ́? Ẹ ṣàlàyé èsì tí irinṣẹ́ lè dá padà: [], ìyẹn àkójọ òfìfo, ni pé a wá a, a kò rí i. 404 ni pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ náà kò sí. 429 ni pé a ti béèrè jù: kó dúró, kó tún gbìyànjú, ó pẹ́ jù ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ẹ kò bá kọ ìyàtọ̀ yìí, 429 ni yóò rí, “kò sí irú ọjà bẹ́ẹ̀” ni yóò sọ.

Ẹ wá bi ẹ̀jẹ́ǹtì tí kò rí iṣẹ́ náà rí ní ìbéèrè 10, kí méjì jẹ́ èyí tí irinṣẹ́ kò lè dáhùn. Ẹ wo irinṣẹ́ tó pè, ẹ má wo ìdáhùn nìkan. Bó bá pe gba_iye láìkọ́kọ́ pe wa_oja, àlàyé yín ló kù díẹ̀ káàtó. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún bi í ní ìbéèrè 10 kan náà.