Ẹ Má Fi Ìwà Ẹnì Kan Ka Gbogbo Ẹ̀yà Rẹ̀: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Àwọn Tí Kò Pọ̀ Níye

Lọ́dún 1976, David Hamilton àti Robert Gifford, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, fún àwọn èèyàn ní gbólóhùn 39 kà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí ẹnì kan ṣe àti ẹgbẹ́ tó wà. Ẹgbẹ́ A ní 26: ìwà rere 18, ìwà burúkú 8. Ẹgbẹ́ B ní 13: rere 9, burúkú 4. Ẹ ṣírò ó, ìdá ìwà burúkú nínú ẹgbẹ́ méjèèjì dọ́gba. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn òǹkàwé rántí ẹni tó ṣe kí ni, wọ́n di ìwà burúkú ru ẹgbẹ́ B ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí ìkórìíra àtijọ́ níbẹ̀ o. Lẹ́tà A àti B lásán ni.

Àlàyé wọn ni pé ohun tó ṣọ̀wọ́n máa ń fa ojú. Bí ẹgbẹ́ tó ṣọ̀wọ́n bá pàdé ìwà tó ṣọ̀wọ́n, ọkàn kì í tètè gbàgbé. Nígbà tí wọ́n yí i padà, tí ìwà rere wá di èyí tó ṣọ̀wọ́n, ìwà rere ni wọ́n bù kún ti ẹgbẹ́ kékeré.

Àṣìṣe tó burú jù ni kíka apá kan ìṣirò. “Márùn-ún nínú wọn ti lu jìbìtì.” Márùn-ún nínú mélòó? Ohun mẹ́rin ló yẹ ká kà: àwọn tí kò pọ̀ tó ṣe é, àwọn tí kò pọ̀ tí kò ṣe é, àwọn tó pọ̀ tó ṣe é, àwọn tó pọ̀ tí kò ṣe é. Bí 5 nínú 50 bá ṣe é níbí, tí 40 nínú 400 sì ṣe é lọ́hùn-ún, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni méjèèjì. Iye àwọn tí kò ṣe é ni wọn kì í sábà kà, torí ẹni tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ kì í di ìròyìn.

Ẹ má dárúkọ ẹ̀yà ẹni tó ṣẹ̀ bí ẹ kò bá ní dárúkọ rẹ̀ ká ní ara àwọn tó pọ̀ ló ti wá. Ẹ má sì máa pe ẹni rere inú wọn ní “ó yàtọ̀ sí wọn”, kí ẹ wá pe ẹni burúkú ní “bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn”. Ìwà ìrẹ́jẹ gbáà ni.

Níbi tí ìpinnu bá ti máa kan iṣẹ́ ẹnì kan, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí. Ọ̀gá tó fẹ́ mọ ẹni tó ń pẹ́ dé gbọ́dọ̀ kọ aago tí gbogbo òṣìṣẹ́ dé sílẹ̀ lójoojúmọ́, kó sì ti pinnu ohun tó pè ní pípẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá dìgbà tó ń rántí, ọ̀dọ̀ ẹni kan ṣoṣo tó yàtọ̀ láàárín wọn ni ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ.